Kọ́ọ̀pù Àkọ́kọ́ Nílé Wa ní Máfolúkù

Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Ṣọlá, ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní bí àwọn bá ti bi ìyá àwọn léèrè ibi tí àìsàn kíndìnrín yìí ti wọlé, ẹ̀rín ló máa ń rín, á ní, "Ẹ lọ bi Ọ́ńkù Akin yín, òun lẹ̀rù ń bà nígbà yẹn." Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sá fún wọn. Kì í ṣe pé mi ò rántí o, mo rántí jù ni. Mi ò parí girama kí n tó lọ kọ́ṣẹ́ ríwáyà mọ́tò ní Òṣòdì, nítorí náà ẹni tó bá ń wá ọ̀rọ̀ dídán níbí kó má bínú sí mi. Ọdún kan péré ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ọdún tí a yan èédú nílé wa. Lórí àga oníke ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti ń kọ ọ́, nínú yàrá ọsibítù tí ẹ̀rọ ti ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń kùn lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí mo bá gbójú sókè, mo ń rí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó ń gba inú rọ́bà jáde, tó tún ń padà wọlé, màá sì yára wolẹ̀. Akin ni wọ́n sọ mí ní ìkómọ. Ẹni tó sọ mí lórúkọ ò tíì rí mi tán ni.

Ilé oníyàrá tó kọjú síra ni à ń gbé, àwa nìkan la ni yàrá méjì tó kẹ́yìn àti àyè ẹ̀yìnkùlé. Orí páànù wa ni bàálù ń gbà lọ balẹ̀. Bí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ tó bá gbọ́ ìró rẹ̀, á dákẹ́, á di ọ̀rọ̀ náà mọ́ ẹnu títí bàálù á fi kọjá, kó tó wá parí rẹ̀. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá wa, kì í dúró ní tiwọn. Wọ́n á máa bú ẹni tí wọ́n ń bú lọ lábẹ́ ariwo náà, tó bá wá dákẹ́, ìparí èébú nìkan la máa ń gbọ́, a ò sì ní mọ ta ni wọ́n ń bá wí. Láti Ìkirè ni wọ́n ti wá bá wa gbé lẹ́yìn tí Màámi kó ẹrù wọn lọ sílé ọkọ mìíràn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ tó ti fẹ́ bàjẹ́ ni wọ́n máa ń gún mọ́ ata, wọ́n á dín in nínú epo pupa títí á fi dúdú bọ̀lọ̀jọ̀, òun là ń pè ní dòdò Ìkirè. Ìró odó wọn ló ń jí mi. Mo ń gbọ́ ọ títí di òní tí mo bá sùn lọ́sàn-án, màá sì dìde pẹ̀lú ìbẹ̀rù pé mi ò tíì pọnmi.

Torí iṣẹ́ tèmi ni omi pípọn. Kànga ilé wa ò dára. Omi rẹ̀ pọ́n bíi tíì, ó máa ń rùn bí irin tó ti dógùn-ún. Nítorí náà ni Ìyá Àgbà ṣe gbé àṣà ìkòkò wá láti Ìkirè: ìkòkò ńlá tí wọ́n lu nídìí, tí wọ́n gbé lé òmíràn lórí, òkúta wẹ́wẹ́ ló wà nísàlẹ̀, iyanrìn lé e, èédú ìdáná tí wọ́n ti fọ̀ dáadáa ló wà lókè. Omi á máa kán tó, tó, tó láti òwúrọ̀ títí a ó fi ti ilé ìwé dé. Àǹtí Ṣọlá ló ń fọ̀ ọ́. Òfin kan sì wà tí Ìyá Àgbà ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ lójú: ẹni tó fọ ìkòkò ló ni kọ́ọ̀pù àkọ́kọ́. Àlejò ì báà wà nílé, kí òùngbẹ máa gbẹ Bàámi, wọ́n á dúró. Àǹtí Ṣọlá á bu tirẹ̀, á mu ún lórí ìdúró láìkánjú, bí ìyàwó Ọba, á wá gbé kọ́ọ̀pù fún Bàámi. Òun nìkan ni ipò tó ní nínú ilé yẹn, ó sì mọ̀ bí wọ́n ṣe ń jókòó lórí ipò.

Bàámi ń ṣiṣẹ́ ní fákitírì kan ní Ìsọlọ̀ níbi tí wọ́n ti ń pa aṣọ láró. Kì í ṣe ìdí aṣọ ni wọ́n wà, ìdí táńkì tí omi ìdọ̀tí ń gbà kí ó tó bọ́ sí gọ́tà ni. Inú táńkì náà ni nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní kábọ̀n. Èédú ni lójú tèmi: èèpo àgbọn ni wọ́n fi jó o, ó wà ní wóró-wóró bíi gààrí tó jóná. Bàámi ṣàlàyé rẹ̀ fún wa nídìí ẹ̀bà lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní inú wóró kọ̀ọ̀kan kún fún ihò tí ojú ò lè rí, pé inú ihò wọ̀nyẹn ni àwọ̀ aró àti òórùn kẹ́míkà máa ń há sí bí omi bá ń gba àárín rẹ̀ kọjá. Tó bá wá pẹ́, àwọn ihò náà á kún, èédú á yó, kò ní lè gba nǹkan mọ́. Wọ́n á kó o sínú àpò, wọ́n á kó o jù sídìí ògiri, wọ́n á tún ra tuntun tó ń bá ọkọ̀ ojú omi wọ̀lú. Máníjà wọn ló wá sọ lọ́jọ́ kan pé àwọn òyìnbó kì í jù ú nù bẹ́ẹ̀, pé wọ́n máa ń yan án nínú iná, wọ́n á fẹ́ ooru omi sí i, á bi gbogbo ohun tó ti jẹ, á sì tún dà bíi tuntun. Máníjà ní ẹni tó bá lè ṣe é ní Èkó níbí, òun á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èédú tó ti yó lo fẹ́ mú bì?" Ìyá Àgbà bèèrè.

"Ẹ ṣáà máa wò mí, Ìyá mi. Ó máa bì í."

"Sórí ta ni?"

Bàálù ń kọjá.

Ohun tí wọ́n ń wá ò fara sin fún ẹnikẹ́ni nílé. Wọ́n fẹ́ kúrò nídìí táńkì kí wọ́n di kọ̀ntírátọ̀, kí Àǹtí Ṣọlá lè lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó ti máa ń fi síbí kékeré wo ibà fún mi, á kì í bọ̀ mí lábẹ́ ahọ́n, á wo aago tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, á ní, "Gbóná, gbóná, ẹ gbé e wọ wọ́ọ̀dù." Bàámi máa ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà nígbà náà bí ẹni tó ti ń san owó ilé ìwé.

Wọ́n ra dúróòmù epo, wọ́n dá a dùbúlẹ̀ lórí irin ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n jó irin mọ́ ẹnu rẹ̀ tí a ó máa fi yí i. Àkékù pákó láti ibi tí wọ́n ti ń la igi ni a fi ń dáná sábẹ́ rẹ̀. Kẹ́tùrù ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí páìpù ti ẹnu rẹ̀ wọ inú dúróòmù, òun ló ń fẹ́ ooru omi sínú. Bí a bá ti dáná tí èédú gbóná, èéfín á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, kì í ṣe èéfín igi tí ènìyàn mọ̀. Ó pọ́n rúsúrúsú, ó ń rùn bí ọ̀rá tó ń jó pọ̀ mọ́ ẹyin tó ti bàjẹ́. Ìyá Kàfáyà, ará ilé wa tó ń se ẹ̀wà tà, á fi aṣọ bo ìkòkò rẹ̀. "Bàbá Ṣọlá, ṣé ẹ̀wà mi lẹ fẹ́ pa láró ni?" Bàámi á ní kó ṣe sùúrù, pé tí ọ̀nà bá là, gbogbo ilé ló máa jẹ ńbẹ̀. Ìyá Kàfáyà á ní òun ti ń jẹ ńbẹ̀ báyìí, ata ò tiẹ̀ tà mọ́ lẹ́nu òun.

Àǹtí Ṣọlá ló ń yí dúróòmù. Ojú rẹ̀ mọ iná ju ti Bàámi lọ. Ó máa ń yọjú sí ihò kékeré tí wọ́n lu sára rẹ̀, tí inú bá ti pọ́n bíi ẹyìn ọ̀pẹ, á ní kí wọ́n ṣí páìpù. Èmi ò sún mọ́ ibẹ̀. Bí wóró èédú ti ń yí nínú dúróòmù, ó ń dún ṣáà, ṣáà, ṣáà, gẹ́gẹ́ bí ìró ẹni tó wọ bàtà tó tóbi jù ú lọ tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ó dá mi lójú pé ẹnìkan wà níbẹ̀. Mo sì gbà pé ó mọ̀ mí.

"Akin, wá gbà á fún mi, apá ń ro mí."

"Ẹnìkan wà nínú ẹ̀."

"Ta ni?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀."

"Tó bá jáde, màá ní kó mú ẹ lọ sílé ìwé, torí ìwọ náà ń wọ́ ẹsẹ̀."

Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo máa ń sá wọ̀. Láti ibẹ̀ ni mo ti gba orúkọ oyè mi, Akin Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì, tí Ìyá Àgbà sì sọ di orin tí wọ́n fi ń gún ọ̀gẹ̀dẹ̀. Tí èédú bá tutù, a ó fi asẹ́ jọ eruku rẹ̀ kúrò, asẹ́ ògì Ìyá Àgbà ni a sì ń lò títí ògì wa fi dà bí omi tí wọ́n fi fọ àwo ìdáná. Wọ́n bínú, wọ́n ní ọmọ tí àwọn bí fẹ́ fi èédú tọ́ àwọn dàgbà lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n a mu ún. Gbogbo nǹkan tí a jẹ lọ́dún yẹn ló ní ìtọ́wò kan lẹ́yìn tí mi ò lè fi wé nǹkan kan. Mo gbọ́ ìtọ́wò náà lẹ́nu lọ́jọ́ tí dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti sọ ti kíndìnrín fún mi. Ọdún ti gorí ọdún, ó sì wà níbẹ̀.

Nígbà tó yá, iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dára. Ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Bàámi gé ìdí ìgò oníke, wọ́n rọ èédú tí a yan sínú rẹ̀, wọ́n da omi aró tí wọ́n bù láti ìdí táńkì sí i lórí. Búlúù ni omi yẹn, ó ki. Gbogbo ará ilé dúró yí i ká. Èyí tó ń kán sínú kọ́ọ̀pù nísàlẹ̀ mọ́ gaara bí omi òjò. Ìyá Kàfáyà fọwọ́ bo ẹnu. Bàámi gbé kọ́ọ̀pù náà, wọ́n mu ún tán, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu irùngbọ̀n. Mi ò rí wọn kí inú wọn dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì tún rí i mọ́.

Àǹtí Ṣọlá àti èmi la bá wọn gbé àpò kékeré tí wọ́n máa fi ṣe àyẹ̀wò lọ sí Ìsọlọ̀. Misísì kan ló ń yẹ omi wò ní fákitírì náà, obìnrin jẹ́jẹ́ tó wọ ẹ̀wù funfun. Ó ní kí a padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìgbà tí a padà dé, ó fún Bàámi ní àga, mo sì rí i pé ìyẹn ò tẹ́ wọn lọ́rùn, torí wọ́n kì í fún òṣìṣẹ́ ìdí táńkì ní àga tí ọ̀rọ̀ bá dára.

"Bàbá Ṣọlá, ẹ kú iṣẹ́. Àwọ̀ ò sí, òórùn ò sí. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ń jáde padà sínú omi."

"Nǹkan wo, Mà? Omi ọ̀hún mọ́ gaara."

"Ojú ò lè rí i ni. Irin wà nínú àwọn aró kan tí à ń lò, iná kì í jó irú irin bẹ́ẹ̀. Iná dúróòmù yín ò tiẹ̀ gbóná tó láti jó àwọn kẹ́míkà ìyókù. A ò lè gbà á. Ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni lò."

"Mà, mo mu ún."

"Ẹ má mu ún mọ́, sà."

A rìn dé Máfolúkù. Ìgbà tí a ya sí àdúgbò wa ni wọ́n ní, "Àwọn tó ń kó tuntun wọ̀lú ti fi owó rí obìnrin yẹn. Ṣé ẹ rí bó ṣe ń sọ ọ́? Nǹkan tí ojú ò rí. Nǹkan tí ojú ò rí, báwo ni mo ṣe fẹ́ yọ ọ́?" Àǹtí Ṣọlá ní, "Ẹ má dá a lóhùn, Bàámi." Nígbà tí a wọlé, wọn ò bọ́ bàtà. Wọ́n lọ tààrà sí ìdí ìkòkò omi, wọ́n kó èédú ìdáná Ìyá Àgbà dànù, wọ́n da kábọ̀n wa sí i. Wọ́n ní bí fákitírì ò bá fẹ́, ilé àwọn fẹ́. Ìyá Àgbà ní kò burú, èédú ṣá ni èédú, èyí tiẹ̀ dán ju tiwọn lọ.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo wa dúró. Mi ò mọ ohun tó mú wa dúró, torí kò sẹ́ni tó pè wá. Àǹtí Ṣọlá ti gbọ́ ohun tí Misísì sọ, etí kan náà la fi gbọ́ ọ. Ó fọ ìkòkò, ó jẹ́ kí omi kán, ó bu kọ́ọ̀pù àkọ́kọ́. Bàámi jókòó sórí pẹpẹ, wọn ò wò ó, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò, bí ẹni tó ń dúró de ìdájọ́. Mo mọ̀ báyìí, tí mo ti bímọ tèmi, pé kì í ṣe omi ló mu. Ìtìjú Bàámi ló ń bò. Bí òun ọmọ wọn bá kọ kọ́ọ̀pù yẹn, ta ni yóò tún gba nǹkan tí wọ́n ṣe? Ó mu ún títí dé ìdí. Ó wá yà sọ́dọ̀ mi, ó la ẹnu, ó yọ ahọ́n.

"Ṣé o rí i? Kò pa mí."

Èmi ò mu ún. Kì í ṣe torí ohun tí Misísì sọ o, kí n má purọ́, ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lórí mi kí a tó dé ìdí ògiri fákitírì. Ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú dúróòmù ni. Mo gbà pé ó ti kó wá sínú ìkòkò, pé òun ló ń ṣe tó, tó, tó yẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà fún Ìyá Kàfáyà kí ó lè fún mi nínú omi tó ń rà lọ́wọ́ mẹ́ruwà. Nígbà tí Bàámi gbọ́, wọ́n pè mí.

"Akin, omi ilé bàbá rẹ lò ń sá fún?"

"Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ níbẹ̀, sà."

Wọ́n wò mí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn, wọn ò sì tètè nù ún. Gbogbo ilé wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Lójoojúmọ́ ni Àǹtí Ṣọlá ń la ẹnu sí mi lẹ́yìn kọ́ọ̀pù àkọ́kọ́, ṣé o rí i, kò pa mí. Ó ń sọ ọ́ nígbà tó wọ girama àgbà, ó ń sọ ọ́ nígbà tó lọ kọ́ aṣọ rírán nítorí ọ̀nà iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ò là. Dúróòmù dógùn-ún ní ẹ̀yìnkùlé, òjò fọ èédú tó kù nínú àpò sára ògiri, ó fa ìlà dúdú tí a kùn kùn tí kò parẹ́. Ìkòkò wà níbẹ̀ ṣá. Tí èédú inú rẹ̀ bá pẹ́, Bàámi á tún bù láti inú àpò.

Ẹ̀rù mi ò gbọ́n. Bó bá jẹ́ ọgbọ́n ni, ì bá dùn mọ́ mi, ǹ bá máa fi yangàn. Òmùgọ̀ tó sá gba ọ̀nà tó dára ni mí. Ẹsẹ̀ Bàámi ló kọ́kọ́ wú kí wọ́n tó kú, a ní ìdúró ìdí táńkì ló fà á. Ìyá Àgbà kú lẹ́yìn wọn, a ní ọjọ́ orí ni, a ò bèèrè. Nígbà tí ti Àǹtí Ṣọlá wá bẹ̀rẹ̀, tó ti lọ́kọ, tó ń gbé ní Ire-Àkàrí, mo sọ ìtàn èédú fún dókítà. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀, pé ẹ̀jẹ̀ ríru ń ṣe é, oògùn ara ríro ń ṣe é, pé kò sí ẹni tó lè mọ̀ mọ́ báyìí. Mo fẹ́ kó bínú sí ẹnìkan. Kò bínú.

Ìyàrá kékeré kan wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ṣí i sílẹ̀ nítorí ooru, a rí táńkì gígùn kan nínú rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ṣe sì ń kó nǹkan dúdú wóró-wóró jáde nísàlẹ̀ rẹ̀ sínú àpò. Àǹtí Ṣọlá gbórí sókè lórí ìrọ̀rí.

"Kí nìyẹn, ọmọ mi?"

"Kábọ̀n ni, Mà. Òun ló ń fọ omi tí ẹ̀rọ ń lò kó tó kan ẹ̀jẹ̀ yín. Èyí ti yó, à ń pààrọ̀ ẹ̀."

"Ẹ kì í yan án?"

"Kí la fẹ́ yan án ṣe, Mà? Ìdànù ni."

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí a ti ń wá síbí, nọ́ọ̀sì sì sáré wá wo ẹ̀rọ bóyá nǹkan ń ṣe. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n, mi ò rí i rín. Bàámi ò purọ́. Mo ti bèèrè, iṣẹ́ náà wà lóòótọ́ níbòmíràn, iná ńlá ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n tún ń jó èéfín rẹ̀ kó tó jáde, inú omi ìdọ̀tí ni wọ́n sì ń dá a padà sí. Wọn kì í dà á sínú ìkòkò ilé wọn láti fi gbèjà bàbá wọn.

Àwọn dókítà ò gbà kí Àǹtí Ṣọlá mu omi púpọ̀ mọ́. Kíndìnrín ò lè lé e jáde, kọ́ọ̀pù kékeré kan ló wà fún ọjọ́ kan. Lónìí, mo fọ kọ́ọ̀pù náà lẹ́nu ẹ̀rọ omi, mo rọ omi inú ọ̀rá sí i, mo gbé e fún un. Kò gbà á.

"Ta ló fọ̀ ọ́?"

"Èmi ni."

"Ìwọ lo ni àkọ́kọ́ nìyẹn."

"Àǹtí mi, omi yín ni. Kò pọ̀."

"Ọmọ ilé wo ni ẹ́?"

Mo wo inú kọ́ọ̀pù. Omi lásán ni, tí nọ́ọ̀sì rà lẹ́nu géètì, èmi àgbàlagbà tí ewú ti bo orí mi sì dà bí ẹni tó fẹ́ sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bẹ́ẹ̀dì tí òun fúnra rẹ̀ dùbúlẹ̀ lé. Mo gbé ẹnu kan mì. Ojú rẹ̀ ò kúrò ní ọ̀fun mi títí omi náà fi sọ̀ kalẹ̀.

"Ṣé o rí i, Akin?" ó ní. "Kò pa ẹ́."

Ó gba kọ́ọ̀pù lọ́wọ́ mi, ó wo èyí tó kù nínú rẹ̀, ó rọra gbé e sórí tábìlì. Ó ní òun á mu ún tó bá di ìrọ̀lẹ́.